Orúkọ wo lẹ fẹ́ fi tàwé lókè òkun? Ọ̀rọ̀ bráǹdì àwọn tó ń tàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Láti ìparí ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ títàwé sókè òkun ti ń gbóná. December 13 ọdún yẹn ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní GPSR bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù, ohun tó sì wí ni pé ẹni tó bá fẹ́ máa tajà fáwọn ará ibẹ̀ látìta, ìwé náà wà lára ẹ̀ o, gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tàbí ilé iṣẹ́ kan nínú Yúróòpù tó máa dúró fún un tí wàhálà bá dé. Àwọn kéékèèké tó ń tàwé ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn ò lówó tí wọ́n máa fi wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, ni àwọn kan bá kúkú ti ilẹ̀kùn Yúróòpù pa. Ìyẹn ò tíì rọlẹ̀ tí August 29, 2025 fi dé, Amẹ́ríkà ní ẹrù tí owó ẹ̀ ò ju 800 dọ́là lọ tó ti ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ó parí. Ibi tó wá pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ìwé gan-an ò sí lára ọjà tí wọ́n bu owó tuntun yẹn lé, àmọ́ pósítọ́fíìsì orílẹ̀-èdè púpọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe máa gba owó náà lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n bá dá ẹrù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà dúró ná, bí ìwé náà ṣe bá wọn há síbẹ̀ nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó kàn ló ti náwó sórí bráǹdì dáadáa. Wọ́n ya lógò, wọ́n yan àwọ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí sáìtì pé ibi yòówù kẹ́ ẹ wà láyé, ìwé yín á dé. Òfin kan péré ló sọ ọ́ di irọ́. Èrò tèmi ni pé ìlérí tẹ́ ẹ ṣe fún oníbàárà ni bráǹdì ẹni tó ń tàwé, ìlérí yẹn sì níbi tó lè bá yín kọjá ibodè, ó níbi tó ti máa dúró tí á máa wò yín.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹni tó ń se ọṣẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọṣẹ tòun yàtọ̀. Ẹni tó ń tàwé ò lè sọ bẹ́ẹ̀, òun kọ́ ló kọ ọ́, òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Ìwé kan náà, nọ́ńbà ISBN kan náà, ẹ̀yìn ìwé kan náà ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tó tún wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a du ọjà. Ohun tó kù tó fi lè dá yàtọ̀ ò pọ̀ mọ́, iye tó ń tà á ni, bó ṣe ń yá tó kó tó dé, irú ìwé tó máa ń kó jọ, àti irú ẹni táwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Gbogbo ẹ̀ pátá ló sì máa ń yí padà tó bá ti kúrò nílùú ẹ̀.

Ká mú Amazon ná, torí ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1994 tí Jeff Bezos dá a sílẹ̀, Cadabra ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lọ́yà ẹ̀ wá ṣì í gbọ́ bí ọ̀rọ̀ táwọn dókítà òyìnbó ń pe òkú èèyàn, ó bá wá orúkọ míì. Amazon tó mú yẹn, orúkọ odò ńlá ni, lẹ́tà A ló sì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì máa ń to sáìtì tẹ̀lé ara wọn ní ABD, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. July 1995 ni wọ́n ṣí i fún aráyé. Wọ́n ń pe ara wọn ní ilé ìtàwé tó tóbi jù láyé, ìyẹn bí ilé ìtàwé ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Barnes & Noble nínú, wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù lọ́dún 1997. Ẹjọ́ tó tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù ni ti 1999: ilé ìtàwé kékeré kan wà ní Minneapolis, àwọn obìnrin ajàfẹ́tọ̀ọ́ ló ni ín, láti 1970 ni wọ́n sì ti ń jẹ́ Amazon Bookstore, kí Bezos tó mọ̀ pé òun máa tàwé rárá. Wọ́n pẹjọ́, wọ́n sì yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn lọ́dún yẹn náà. Kò tán síbẹ̀ o. Lọ́dún 2012 tí Amazon ní òun fẹ́ ni àdírẹ́ẹ̀sì .amazon lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Brazil àti Peru fárígá, wọ́n ní odò àwọn àti igbó àwọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n fà á títí di 2019 kí ICANN tó ń bójú tó irú àdírẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ tó fọwọ́ sí i fún Amazon. Àwa máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Bezos ní tiẹ̀, máàpù ló wò.

Nígbà tó máa kọ́kọ́ jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, ìyẹn 1998, kò lọ dá ṣọ́ọ̀bù tuntun sílẹ̀. Ó ra Bookpages ní Ìlú Ọba, ó ra Telebuch ní Jámánì, ó pa orúkọ àwọn méjèèjì rẹ́, nígbà tó fi máa di October ọdún yẹn, Amazon.co.uk àti Amazon.de ló kù lójú táyé. Òṣìṣẹ́ tó mọ ìlú ló rà, ọ̀nà tí ìwé ń gbà wọlé ló rà, ó wá lẹ orúkọ tara ẹ̀ mọ́ ọn lórí. Kẹ́ ẹ sì má fojú kéré .co.uk àti .de tó wà nídìí orúkọ yẹn o, bráǹdì nìyẹn náà, torí ará Jámánì tó bá rí .de mọ̀ pé owó ìlú òun lòun máa fi sanwó, èdè òun lòun sì máa fi bá wọn jà tí ìwé ò bá dé.

Ní Ṣáínà, ọgbọ́n yẹn ò jẹ́. 2004 ló ra ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Joyo, 75 mílíọ̀nù dọ́là ló fi rà á, kò pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀, 2007 ló pa méjèèjì pọ̀ di Joyo Amazon, ó tún di 2011 kó tó wá di Amazon China. Ọdún méje gbáko ni oníbàárà fi ń wo orúkọ tó ń pààrọ̀ aṣọ, Dangdang tóun náà fi ìwé bẹ̀rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Dangdang látilẹ̀. July 2019 ni Amazon ti apá táwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti ń tajà fáwọn ará ìlú wọn pa, June 2023 ni ṣọ́ọ̀bù ìwé Kindle ibẹ̀ náà kógbá sílé. Mi ò sọ pé orúkọ nìkan ló fà á, ẹni tó bá mọ bí Alibaba àti JD ṣe ń ṣe ọjà níbẹ̀ á mọ̀ pé ìjà yẹn le, ṣùgbọ́n orúkọ tí ò dúró sójú kan ò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ó tún wá ku ọ̀rọ̀ òfin, ibi tí mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni. Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ òun nídìí ìwé títà, ẹ̀dínwó ló máa kọ́kọ́ pariwo. Ẹ wá gbé ẹ̀dínwó yẹn dé Jámánì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e padà. Òfin wà níbẹ̀ pé iye tí ilé ìtẹ̀wé bá fi lé ìwé tuntun ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ tà á, ì báà jẹ́ Amazon, ì báà jẹ́ màmá àgbà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní kọ̀rọ̀ àdúgbò. Faransé náà ní tiẹ̀ láti 1981, òfin Lang ni wọ́n ń pè é, 5% ni ẹ̀dínwó ibẹ̀ mọ, ẹ ò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amazon wá dọ́gbọ́n sí i, ó ní kò burú, òun á dín 5% yẹn, òun ò sì ní gba owó gbígbé e wálé. Ni Faransé bá tún ṣòfin lọ́dún 2014 pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì pọ̀ mọ́ ìwé téèyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò sì lè gbé e dé ilé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí Amazon ṣe? Ó ń gba 0.01 yúrò. Sẹ́ǹtì kan! Òfin ní kó gbowó, ó gbowó. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dí ihò yẹn, October 2023 ni wọ́n tó ní ó kéré tán 3 yúrò ni owó gbígbé ìwé téèyàn rà tí àpapọ̀ ẹ̀ ò bá tó 35 yúrò.

Ẹ rò ó wò fúnra yín, ẹni tí gbogbo bráǹdì ẹ̀ jẹ́ "ìwé olówó pọ́ọ́kú", kí ló fẹ́ sọ fún ará Berlin? Kí ó sọ pé òun ń yára? Ní Jámánì, téèyàn bá bá ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ẹ̀ sọ ọ́ lọ́sàn-án òní, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ló máa ń dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, àwọn alágbàtà ńláńlá tó ń kó ìwé kiri lóru ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ohun tó kù téèyàn fi lè wọ̀ wọ́n lójú ò ju ìwé tí ò sí nínú ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, ìyẹn ìwé èdè míì, ìwé àtijọ́, ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo ń wá. Kì í ṣe pé ìyẹn kéré o, àmọ́ ìpolówó ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn míì ti fi orúkọ kan ṣoṣo jáde rí, ojú wọn sì rí nǹkan. Bertelsmann, ilé ìtẹ̀wé ńlá ará Jámánì, lọ́dún 1999 ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ BOL káàkiri Yúróòpù bí ẹni ń rọ́jò. Orúkọ kan náà, lógò kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kú, ti Netherlands ló yè é, ó yè é tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé lọ́dún 2012, Ahold tó ń ṣe súpámákẹ́ẹ̀tì ra bol.com ní 350 mílíọ̀nù yúrò. Títí di òní, àwọn Dutch gbà pé tàwọn ni. Nígbà tí Amazon fi máa ṣí ṣọ́ọ̀bù gidi síbẹ̀ ní March 2020, orúkọ ẹlòmíì ti gba ẹnu àwọn èèyàn ibẹ̀ tán.

Kobo ní tiẹ̀ (kì í ṣe kọ́bọ̀ inú náírà wa o, àwọn tó ń ta ìwé orí ẹ̀rọ ní Toronto ni, Rakuten ará Japan ló rà wọ́n ní 315 mílíọ̀nù dọ́là) gba ọ̀nà míì, ọ̀nà yẹn ni mo sì gba tiẹ̀ jù. Tó bá dé ìlú kan, á wá ṣọ́ọ̀bù táwọn ará ibẹ̀ ti fọkàn tán, á wọlé láti ẹ̀yìn ẹ̀. WHSmith ní Ìlú Ọba, Fnac ní Faransé, Mondadori ní Ítálì, bol.com yẹn náà ní Netherlands. Ní Faransé, "Kobo by Fnac" ló wà lára ẹ̀rọ. Ní Jámánì, àwọn ilé ìtàwé ńláńlá ibẹ̀ ti kó ara wọn jọ, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tiwọn tó ń jẹ́ Tolino, 2017 ni Kobo wọlé síbẹ̀ tó gba ipò Deutsche Telekom tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀, orúkọ ò yí, Tolino ló ṣì ń jẹ́. Ohun tí ọ̀nà yìí máa ń náni ni pé oníbàárà ò mọ̀ yín, ẹni tó mọ̀ ni Fnac. Àmọ́ fún ẹni tí ò lówó ìpolówó, ẹ sọ fún mi, ọ̀nà míì wo ló kù?

AbeBooks, sáìtì tí oríṣiríṣi oníṣòwò ti ń tàwé, ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́ nídìí ìwé àlòkù àti ìwé àtijọ́. Victoria ní Canada ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láàárín 1990 sí 2000, Amazon rà wọ́n ní 2008, síbẹ̀ IberLibro ni wọ́n ń jẹ́ ní Spain, wọ́n sì fi orúkọ ZVAB sílẹ̀ fáwọn ará Jámánì tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ ni November 2018. Wọ́n kàn sọ fáwọn tó ń tàwé láti South Korea, Hungary, Czech àti Rọ́ṣíà pé àwọn ò ní lè gbà wọ́n láàyè mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, tí ọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ kàn, yọ ìwé wọn kúrò lórí sáìtì náà lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé tó wọ mílíọ̀nù mélòó kan, láàárín ọjọ́ díẹ̀ AbeBooks tọrọ àforíjì, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Àwọn ará Canada gbà pé àwọn ló ni bráǹdì, wọn ò rántí pé àwọn bàbá tó ń ta ìwé àtijọ́ yẹn ni oníbàárà ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tí mo ṣì ń ṣàárò ẹ̀ ni Book Depository. 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Gloucester ní Ìlú Ọba, ìlérí wọn ò ju gbólóhùn kan lọ: a ò ní gba owó gbígbé e, ibi yòówù kẹ́ ẹ wà. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní máàpù kan lórí sáìtì tó máa ń fi hàn yín pé ẹnì kan ní Australia ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìwé kan báyìí, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ẹlòmíì ní Ísírẹ́lì tún rà, wọ́n sì máa ń fi páálí ìsàmì-ìwé sínú ẹrù. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹni tó ṣe bráǹdì fún gbogbo ayé láìkọ́ ọ́fíìsì káàkiri, àwọn ni mo máa mú. Amazon rà wọ́n ní 2011, ó jẹ́ kí orúkọ wọn wà, àmọ́ nígbà tó ń gé iṣẹ́ kù káàkiri lọ́dún 2023, April 26 ló tì í pa. Ìlérí kan ṣoṣo ni wọ́n gbé gbogbo orúkọ wọn lé, owó pósítọ́fíìsì sì ni ìlérí yẹn dúró lé. Ká ní wọ́n ṣì wà ni, GPSR àti August 2025 ì bá ti bá wọn fínra.

Bookshop.org tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní January 2020, tó sì dé Ìlú Ọba ní November ọdún yẹn náà, mú ìlérí tó rọrùn láti gbé kiri: tẹ́ ẹ bá rà á lọ́dọ̀ wa, ṣọ́ọ̀bù kékeré àdúgbò yín máa rí nínú owó náà. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ bá tipasẹ̀ ẹ̀ rà á lè gba 30% iye ìwé. Gbogbo ìlú ló ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí Amazon ń dà láàmú, nítorí náà ìlérí yẹn wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni nǹkan ti yàtọ̀, Ingram ló ń fi ìwé ránṣẹ́ fún wọn ní Amẹ́ríkà, Gardners ní Ìlú Ọba, ẹrù kankan ò kọjá òkun.

Ó wá kan àwa tá a fẹ́ máa tàwé Yorùbá tàbí ìwé Nàìjíríà síta. Wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní sáìtì. African Books Collective, láti 1985 làwọn ilé ìtẹ̀wé Áfíríkà ti kóra jọ dá a sílẹ̀, Oxford ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó kí ìwé tó wá láti Ìbàdàn tàbí Accra lè máa jẹ́ orúkọ kan lójú àwọn yunifásítì òyìnbó. Ilé ìtẹ̀wé Cassava Republic tó bẹ̀rẹ̀ ní Abuja ní 2006 lọ ṣí ẹ̀ka sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2016, orúkọ ẹ̀ ò yí, gbàgúdá yẹn ni wọ́n gbé lọ. OkadaBooks ní tiẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ìwé orí fóònù ló ń tà, ìyẹn ò níṣòro kọ́sítọ́ọ̀mù rárá, síbẹ̀ ó kógbá sílé ní November 2023, ọrọ̀ ajé ilé ló bì í lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó nìkan tó bẹ́ẹ̀ láti ba orúkọ jẹ́. Ẹ rántí 2022 táwọn báńkì gé káàdì náírà sí 20 dọ́là lóṣù kan fún ohun téèyàn bá fẹ́ rà nílẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn náà tí àwọn míì dá a dúró pátápátá. Ìdàkejì ẹ̀ náà wà, ẹni tó wà ní Peckham tàbí Houston tó fẹ́ rà lọ́wọ́ yín, tó bá dé ibi ìsanwó tó rí i pé nọ́ńbà àkáǹtì náírà lẹ kọ síbẹ̀ pé "kẹ́ ẹ fi ẹ̀rí ìsanwó ránṣẹ́ sí WhatsApp", ó ti sá lọ nìyẹn. Kì í ṣe pé kò fọkàn tán yín, ó kàn jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń rajà lọ́dọ̀ wọn kọ́ nìyẹn. Ará Brazil sì rèé, Pix tí báńkì àpapọ̀ wọn gbé jáde ní November 2020 ni wọ́n fi ń sanwó gbogbo nǹkan.

Brazil àti Cuba gan-an lọjà tí mo rò pé à ń fojú fò. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà tó wà níbẹ̀ ń wá ìwé tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá lójú méjèèjì, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń wá a lórí Google ni kẹ́ ẹ wò. Ní Brazil, "orixá" ni wọ́n máa tẹ̀, ní Cuba, "oricha". Ìwé tiyín wà lórí sáìtì bí "Òrìṣà", pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀, ìyẹn dáa, kẹ́ ẹ má yọ ọ́ o, ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá fi àwọn tó kù náà sínú àlàyé ìwé, pẹ̀lú ìpínrọ̀ méjì ní èdè Pọtogí àti Sípáníìṣì, ẹni tó ń wá yín máa gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá. Àwọn ọmọ wa tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù náà, ọ̀pọ̀ wọn ò ní àmì lórí fóònù wọn, kí sáìtì yín mọ̀ pé "ise" àti "iṣẹ́" lè jẹ́ ohun tẹ́nì kan ń wá.

Tó bá jẹ́ èmi ni, orílẹ̀-èdè kan ni màá kọ́kọ́ mú. Màá wá ilé ìtàwé kan níbẹ̀ tí ń tàwé fáwọn èèyàn wa tẹ́lẹ̀, orúkọ tiẹ̀ ló máa wà lókè, tèmi á wà nísàlẹ̀ bí ẹni tó ṣa ìwé náà jọ. Ìwé tó bá ṣeé tẹ̀ lọ́hùn-ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí oníbàárà bá ṣe ń béèrè, màá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, African Books Collective ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Èyí tó bá pọn dandan kó wá láti Ìbàdàn, màá kọ iye gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, owó ìwé, owó ẹrù, àti ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà, màá sì kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni. Gbólóhùn "síbi gbogbo láyé" yẹn, mi ò ní jẹ́ kó dé orí sáìtì mi rárá.